Kì í Ṣe Ẹyẹ ni Ìye Ń Lé Nínú Yìnyín

Lọ́jọ́ tí a sin ìyá bàbá mi ní Ajue, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ pé ẹ̀rín kò yẹ níbi ìsìnkú arúgbó. Ó yẹ, ó sì dùn. Òun gan-an ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà, òun tó dùbúlẹ̀ sínú ilẹ̀ tí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ló gba makirofóònù nígbà tí àwọn àlejò jẹun tán. Ó sọ bí ìyá òun ṣe lọ sí ìlú òyìnbó láyé ìgbà tí owó epo ń ya wọ ilẹ̀ wa, bí wọ́n ṣe mú un lọ wo ẹyẹ nínú yìnyín, àti bó ṣe kígbe lé ẹyẹ náà bí ẹni pé ẹ̀gà tó wá jẹ àgbàdo òun ní oko ni. Ó ju apá sókè bí ẹni tó ń lé ẹyẹ. Ó yí ohùn padà di ti obìnrin. Àwọn ènìyàn di ikùn mú, ẹnì kan sì da ẹlẹ́rìndòdò sára aṣọ rẹ̀.

Bàbá Kékeré kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló ṣì wà ní Òkìtìpupa. Bàbá mi ló wà níbẹ̀, bàbá mi sì jókòó lábẹ́ àtíbàbà kan náà, ó ń wo bàtà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ bíi tàwọn yòókù. Inú bí mi gidigidi. Inú náà kò tíì rọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìye là ń pè é, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé láti ìgbà tí àwọn òbí mi ti òkè òkun dé títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ìyá àgbà tí wọ́n máa ń ròyìn, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Ìye le. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, kò ní bú ọ, kò ní fẹjọ́ rẹ sun ẹnikẹ́ni. Yóò kàn dẹ́kun kíkí ọ. Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tí Ìye kò kí láti ìgbà tí mo wà ní kékeré títí mo fi bímọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni obìnrin náà ṣe gan-an. Ó ní òjò ń rọ̀, aláboyún kan fẹ́ yà sí ọ̀ọ̀dẹ̀ obìnrin náà, obìnrin náà sì ní kó dúró síta, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ òun ni. Mo ní ó ti pẹ́, Ìye, ẹ dárí jì í. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ilẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ́. Jẹ́ kó máa kí ilẹ̀ rẹ̀."

Ìṣesí rẹ̀ kan wà tó máa ń bí wa nínú nígbà tí ebi bá ń pa wá. Bí wọ́n bá gbé púpurú àti ọbẹ̀ kalẹ̀, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí Ìye á fi wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá béèrè pé ta ni kò sí níbí. Bí ẹnì kan bá ṣì wà lójú ọ̀nà oko, a ó dúró. Bí ó bá jẹ́ pé odò ló lọ, a ó dúró. Lọ́jọ́ tí pásítọ̀ kan wá kí i láti Odigbo, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lóko kò tíì dé, oúnjẹ sì wà níwájú wa, ooru rẹ̀ ń tán lọ. Pásítọ̀ rọra sọ pé oúnjẹ á tutù. Ìye dá a lóhùn pé, "Oúnjẹ tó tutù, a lè gbé e padà sórí iná, sà."

Àwọn tó ń gba Ore kọjá nígbà yẹn á rántí bó ṣe rí. Títì márosẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọkọ̀ agégẹdú àti bọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé ara wọn láti Èkó dé Benin, gbogbo wọn á sì yà sí Ore kí èrò jẹun. Ìkánjú wọ ara gbogbo ènìyàn. Owó wà nílùú, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ kí ó kọjá lára òun. Èmi àti Ìye wọ bọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ tó ń lọ sí Oǹdó. Ìyá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ yà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan láti tọ̀. Dẹ́rẹ́bà dúró díẹ̀, ó fọn fèrè ọkọ̀, ó ní òun ń lọ. Ìye ní kó dúró de ìyá yẹn. Dẹ́rẹ́bà ní ìyá yẹn á rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀. Ni Ìye bá sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sórí ilẹ̀ níwájú ọkọ̀ náà, nínú oòrùn, lórí ọ̀dà gbígbóná. Àwọn èrò bú u. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù tó sì gbé báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ló bú u jù, ó ní iṣẹ́ ńlá ń dúró de òun, òun kò ráyè aláìmọ̀kan. Nígbà tí ìyá arúgbó náà yọ, tó ń tún ìró rẹ̀ ró bọ̀, Ìye dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó sì kọjú sí ọkùnrin yẹn. Ó ní, "Ìwọ tó ń kánjú yìí, ta ló máa dúró dè ọ́ lọ́jọ́ tìrẹ?"

Àwọn ìjà rẹ̀ kò mọ níta nìkan. Ó bá ẹbí ara rẹ̀ jà, èyí ló sì gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Àgbẹ̀ kan wà tó ti ilẹ̀ Ìgbìrà wá, tó ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ ẹbí wa. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó ń sọ Ìkálẹ̀ ju àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó lọ. Àìsàn dé bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni agbaṣẹ́ṣe kan dé tó ń wá ilẹ̀ tí yóò gé gẹdú lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ṣèpàdé, wọ́n ní kí àlejò náà kó ẹrù rẹ̀. Obìnrin kì í sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé yẹn. Ìye wọlé, ó dúró láàárín wọn, kò sì kúnlẹ̀. Títí tó fi kú ni wọ́n ń sọ pé kò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò kó ẹrù rẹ̀, orí ilẹ̀ yẹn ló kú sí nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé. Ohun tí Ìye sọ fún wọn ni pé, "Nígbà tí ara rẹ̀ le, orúkọ rẹ̀ lẹ̀ ń pè. Ìgbà tí àìsàn dé ló wá di àlejò."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹyẹ.

Òótọ́ ni pé Ìye kò fẹ́ràn ẹyẹ. Àgbàdo ló ń gbìn, olè sì ni ẹ̀gà lójú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lè la oko méjì kọjá nígbà tó bá ń lé wọn. Bí Bàbá Kékeré bá dúró síbẹ̀, n kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀.

Wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ nígbà tí ìjọba rán bàbá mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó àti igi, ní ìlú kékeré kan ní apá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bí mi síbẹ̀. Ìye fi owó kòkó rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wẹ̀ mí. Àárín òtútù ló débẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́, Ìye dúró lẹ́nu fèrèsé, ó ń wò ó bó ṣe ń já wálẹ̀ bí òwú àràbà. Nígbà tó pẹ́, ó béèrè bóyá ènìyàn ṣì wà nínú àwọn ilé tó yí wọn ká, nítorí òun kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá tó ń tọ́ bàbá mi sọ́nà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tó máa ń lọ wo ẹyẹ. Ó pe bàbá mi pé kó bá àwọn jáde ní ọjọ́ Àìkú kan. Ìwé tí ọ̀gá yìí bá fọwọ́ sí ni bàbá mi fi máa padà wálé, nítorí náà kò ṣeé kọ̀. Ìye gbọ́ pé wọ́n ń jáde, ó mú kóòtù. Ilé ti sú u. Bàbá mi kò fẹ́ kó wá, kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún un. Ìye wọ ṣòkòtò bàbá mi, ó ró ìró lé e, ó wọ kóòtù lé gbogbo rẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà tí wọ́n bá pàdé lẹ́bàá ọ̀nà, ẹnì kan ṣoṣo ló kí Ìye, bàbá àgbàlagbà kan tó dé fìlà pupa onírun. Ó bọ́ fìlà náà kúrò lórí nínú òtútù yẹn, ó tẹrí ba fún un. Nígbà tí wọ́n ń gun ògiri òkúta kan kọjá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ bàbá yìí, ó bọ́ sẹ́yìn. Yìnyín ń gba orúnkún wọn. Wọ́n ń rìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.

Wọ́n dé ẹ̀yìn ògiri mìíràn, gbogbo wọn lóṣòó síbẹ̀. Ọ̀gá bàbá mi na ọwọ́, ó sì fún Ìye ní awò tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ni. Ìye wò ó. Òwìwí ni, ó funfun, ó jókòó lórí òpó kan láàárín pápá, ojú rẹ̀ ń wò wọ́n. Wọ́n ní láti ibi tó tutù ju ibẹ̀ lọ ló ti wá, pé ọ̀gá náà ti ń retí irú rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ìye dá awò padà, ó bi bàbá mi pé ṣé nítorí òwìwí ni wọ́n ṣe jí òun.

Ó wá wo ojú àwọn tó wà níbẹ̀. Ó wò yíká, ó tún wò. Ó fọwọ́ kan bàbá mi, ó bi í léèrè bàbá onífìlà pupa. Bàbá mi fi ìka lé ètè. Ó tún fọwọ́ kàn án, ó tún béèrè. Bàbá mi sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọmọ ibẹ̀ ni bàbá yẹn, pé ó ní láti jẹ́ pé ó ti padà sílé. Ọ̀gá náà yí ojú padà, ó sì ṣe "ṣíì" sí ìyá bàbá mi bí ìgbà tí wọ́n ń dá ọmọdé lẹ́kun ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìye dìde. Ó yí ẹ̀yìn sí òwìwí náà, ó kọjú sí ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, ó sì ké pẹ̀lú gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un pé ẹni tó wà lẹ́yìn, kó dáhùn. Ó ké lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹyẹ náà ti fò lọ. Kò tilẹ̀ rí i nígbà tó ń lọ. Èyí ni Bàbá Kékeré ń pè ní lílé ẹyẹ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kanra. Obìnrin kan ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìye kò dúró gbọ́ wọn, ó ń tọ ipasẹ̀ padà lọ, bàbá mi sì ń sáré tẹ̀ lé e pé Ìye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà. Lẹ́bàá ògiri àkọ́kọ́, ipasẹ̀ kan yà kúrò lára àwọn yòókù. Bàbá àgbà náà wà nínú kòtò kan tí yìnyín ti bo ẹnu rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yí sábẹ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti dúdú, ojú rẹ̀ là, kò lè sọ̀rọ̀. Ìye bọ́ sínú kòtò náà. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi wé e, ó tú ìró rẹ̀, ó fi wé e lórí àti etí, ó wá gbé e sí àyà bí ẹni tó gbé ọmọ. Ó ní kí bàbá mi sáré lọ wá ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà, Ìye nínú ṣòkòtò àti súwẹ́tà nínú yìnyín, títí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn fi dé.

Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín, ṣé ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn?

Ó tún kù. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá náà sọ fún bàbá mi nínú ọ́fíìsì rẹ̀ pé inú òun dùn pé bàbá àgbà náà yè, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan; pé ìyá rẹ̀ lè rọra fọwọ́ kan ẹnì kan, kó má kígbe. Bàbá mi délé, ó ní kí Ìye bá òun lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ló gbé mi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, òun ló sì sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí.

Ìye bi í pé, "Kí n bẹ̀ ẹ́ fún kí ni?"

"Fún ariwo tẹ́ ẹ pa, Ìye."

"Mo fọwọ́ kàn ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ gan-an, mo fọwọ́ kàn ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Kò lọ. Bàbá mi dá lọ, ó lọ bá a tọrọ àforíjì. Nígbà tí Ìye gbọ́, ó dákẹ́ fún ọmọ rẹ̀ bó ṣe dákẹ́ fún obìnrin onílẹ̀ mímọ́ yẹn. Ó ní kí wọ́n wá ọkọ̀ òfuurufú fún òun, ó sì padà sí Ajue kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún tó pọ̀ kọjá kó tó tún pe bàbá mi ní orúkọ.

Ṣùgbọ́n kó tó lọ, bàbá onífìlà pupa wá kí i. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un wá, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó dá ìró Ìye padà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Ìyá mi ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn. Ó ní láti inú kòtò yẹn, ojú ọ̀run nìkan ni òun ń rí, òun sì ti gbà pé ó parí. Lẹ́yìn náà ni òwìwí funfun náà gba orí òun kọjá, ó sún mọ́ òun débi pé òun rí ìyẹ́ àyà rẹ̀. Ìye ní kí ìyá mi bi í bóyá ẹ̀rù bà á. Ó ní rárá. Ó ní, "Nígbà tí mo rí i tó ń fò lọ, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti dìde."

Gbogbo èyí ni mo ń sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, nígbà tí mo ń fi ọkọ̀ mi gbé e lọ sí Ore kó lè wọ bọ́ọ̀sì Èkó. Mi ò sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo ní, "Dádì, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà." A ti ń rí òrùlé àwọn ṣọ́ọ̀bù Ore lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ń wo ìta gba inú gíláàsì.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ pé bàbá yẹn kò sí níbẹ̀ kí Ìye tó béèrè."

Mi ò lóye. Mo ní kí ló ní.

"Mo ti bojú wẹ̀yìn nígbà tí a dé ẹ̀yìn ògiri. N kò rí i. Ọ̀gá ń wo ẹyẹ, inú rẹ̀ dùn, ó fọwọ́ lé mi léjìká. Mo dákẹ́."

Mo pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo bi í bóyá Ìye mọ̀. Ó ní òun kò sọ fún un rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀, nítorí kò béèrè rí. Mo ní kó lọ sọ ọ́ fún àwọn ará ilé. Ó ní wọ́n ti sin ín. Mo yí ọkọ̀ padà sí Ajue, kò sì ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará ilé ṣì wà níta nígbà tí a dé. Àwọn obìnrin ń fọ ìkòkò ńlá, Bàbá Kékeré ń to àga tí wọ́n yá jọ láti dá wọn padà. Bàbá mi dúró láàárín wọn, kò béèrè makirofóònù. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ ti ìka tó fi lé ètè. Ó sọ ti àforíjì. Ó sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi nínú ọkọ̀. Àwọn obìnrin fi kànrìnkàn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá Kékeré gbé àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ ọ́ yìí, tí mo ń sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, tí mo ń sọ ọ́ lójú Ìye fúnra rẹ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi dá mi dúró?"

Bàbá mi wo ibi tí a sin ìyá rẹ̀ sí. Ó ní, "Ẹ̀rín yín ló rọ̀ mí lọ́rùn."